Ọ̀nà Tí Mo Kà

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ mi yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Nígbà tí a sin bàbá mi ní nǹkan bí oṣù méje sẹ́yìn, èmi ni mo sunkún jù nínú gbogbo ọmọ olóòkú. Mo yí mọ́lẹ̀ bí ọmọdé, èmi àgbàlagbà tí ewú ti gba gbogbo orí mi. Àwọn ará àdúgbò wa ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn, wọ́n ní ẹ wo ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ìfẹ́ kọ́ o! Ẹ̀bi ni. Ẹ̀bi ọ̀rọ̀ kan tó ti há mi lọ́nà ọ̀fun láti ìgbà Rẹfolúsíọ̀nù ìjọba sójà Kútọnu, tí kò lọ sókè, tí kò lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti kọjá ogún ọdún dáadáa, òtítọ́ ò tíì bá a, nítorí èmi fúnra mi ni mo di òtítọ́ mú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí abúlé wa ṣe rí. Ẹ̀yìn ìlú Lagbé ni, láàárín oko ọ̀pẹ àti oko ẹ̀gẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán ṣe nǹkan níbẹ̀. Ìyá àgbà kan wà tó jẹ́ pé bí a bá sá àgbàdo, òun là ń pè kó bá òjò sọ̀rọ̀, òjò á sì yà gba oko ẹlòmíràn lọ. A kì í ti ilẹ̀kùn abà. Ààlè ni olóko máa ń so sí i, ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa, olè tó bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ náà á lẹ̀ mọ́ ọn títí olóko á fi dé. Ti bàbá tèmi ni kánákò. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nínú ewu, tó gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn ní Ifangni kíákíá, bàbá mi á pọ̀n ọ́n, á pe ọfọ̀, á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà á sì ká bí ẹní. Ẹ rò pé mò ń parọ́? Ejò bù mí jẹ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo wà tí mo rí àwọn igi ọ̀pẹ tí wọ́n ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kí n tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kẹrin, nọ́ọ̀sì ti ń bèèrè orúkọ mi. Ẹmu tó gbé kalẹ̀ nílé ṣì ń hó nígbà tó padà dé. Kò gbà ju ẹ ṣeun lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èèwọ̀ rẹ̀ tí gbogbo ilé mọ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: kì í jẹ okété.

Ẹ̀ẹ́n, nígbà tó yá ni Rẹfolúsíọ̀nù dé. Gbogbo wa di kamaráàdì. Wọ́n ní kí á jáwọ́ nínú nǹkan àtijọ́, pé ayé ti yí padà. Òótọ́ ni, ayé ti ń yí padà kí wọ́n tó sọ ọ́. Àwọn èèyàn ti ń ra agádágodo ní ọjà Igolo, wọ́n ń fi í ti abà. Wọ́n ń ra rọ́bà fífẹ̀ tí wọ́n fi ń bo àgbàdo. Ìyá àgbà tó ń bá òjò sọ̀rọ̀ pàápàá ra ọ̀kan, ó ní ó ti rẹ òun láti máa bẹ òjò. A rẹ́rìn-ín títí! Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, mo ti ka ìwé díẹ̀, mo gbọ́ Faransé, ojú sì ń tì mí pé ọmọ olóògùn ni mí. Ẹ wo ẹni tí ejò ì bá ti pa, tó ń tijú oògùn tó gbà á là.

Ọdún yẹn ni wọ́n fẹ ọ̀nà abúlé wa dé Ifangni kí mọ́tò lè máa gbà á. Gbogbo abúlé ló jáde pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá. Ọ̀gá kan wá láti Kútọnu, òun ló ń wọn ọ̀nà, ó sì mú mi ṣe ọmọ iṣẹ́. Èmi ni mò ń fa ṣéènì tí a fi ń wọn ilẹ̀, èmi ni mò ń pariwo iye rẹ̀. Bí a bá ti pé kìlómẹ́tà kan, a ó ri òkúta mọ́lẹ̀, màá sì fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí i. Inú mi dùn débi pé n kì í fẹ́ fọ ọ̀dà náà kúrò lọ́wọ́ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan bàbá mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, “Ọmọ mi, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àbí? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà. Ọ̀nà tí wọ́n bá ti kà kò ṣeé ká mọ́. N kò ní kí ẹ má ṣiṣẹ́ yín o. Ọ̀nà dára, mọ́tò dára. Ṣùgbọ́n bá mi bẹ ọ̀gá rẹ, kí ẹ fo ibì kan fún mi, láti etí odò dé ìdí ìrókò. Kí ẹ má kà á. Ìyẹn náà tó mi.”

Mo sọ fún ọ̀gá náà, ṣùgbọ́n bí àwàdà ni mo ṣe sọ ọ́, mo ń dúró kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra bojú wo ọ̀nà, ó ní, “Òkúta kan péré ni, a lè fò ó. Àgbà ni bàbá ẹ.” Ẹ gbọ́ o! Àjèjì ló fẹ́ bu ọlá fún bàbá mi. Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo ní, “Rárá o, kamaráàdì, ẹ má dá wọn lóhùn, nǹkan àtijọ́ ni.” Nígbà tí a dé etí odò, bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀. Mo kà á sókè ju bí mo ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀ lọ kó lè gbọ́. Ó gbọ́. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó gba oko lọ.

Kò pé oṣù mẹ́rin sí i tí àbúrò mi Àdùkẹ́, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí oyún àkọ́kọ́. Ọmọ kò jáde. Nígbà tí oòrùn yọ, àwọn ìyá tó ń gbẹ̀bí ní kí á tètè gbé e lọ sí Ifangni. Kámíọ̀nù kan ṣoṣo tó ń ná ọ̀nà wa ti kó èèyàn lọ sí mítíìnì ní Àjàṣẹ́. N kò bú mọ́tò o, ọ̀pọ̀ aboyún ni mọ́tò ti gbé là láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò sí níbẹ̀, gbogbo ojú sì yí sí bàbá mi. Ó mọ̀ pé kò ní í ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ó pọ̀n ọmọ rẹ̀, ó pe ọfọ̀, ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ọ̀nà dúró. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó lù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Òkúta tí mo kọ “1” sí ń wò wá láti ọ̀ọ́kán. Bàbá mi wò ó, ó wá wo ojú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Èmi àti ọkọ Àdùkẹ́ ń gbà á pọ̀n láàárín, Àdùkẹ́ ń ké, mo sì ń rí nọ́ńbà tí mo fọwọ́ ara mi kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé mẹ́tàlá. Orí wa ni oòrùn wà nígbà tí a dé. Àdùkẹ́ kò kú. Ọmọkùnrin ni ọmọ náà, ó ti kú sí i nínú, wọ́n sì ní Àdùkẹ́ kò ní lè bímọ mọ́. Yéè! Ọmọ ogún ọdún!

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, “Bàbá, ìyàwó ta ni ẹ ò tíì pọ̀n dé ibí? Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lórí tèmi?” Mo wà níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, bàbá mi ní, “Èmi ni mo fà á, ọmọ mi. Mo jẹ okété lóko, ebi ló pa mí. Oògùn náà ti bàjẹ́.” Ó ní kí n lọ pọn omi wá. Mo lọ pọn omi. Ẹ ò rí i? Omi ni mo lọ pọn.

Láti ọjọ́ náà Àdùkẹ́ kò jẹun nílé bàbá wa mọ́. Yóò kúnlẹ̀ kí i, kò ní wo ojú rẹ̀. Ó máa ń sọ fún èèyàn pé ẹran ni bàbá òun fi ọmọ òun jẹ. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ ẹlòmíràn, Àdùkẹ́ sì kó wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé mi, èmi ló fọkàn tán jù láyé. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó gbé àwo okété yíyan wá sáàárín àwọn àlejò, ó ní oúnjẹ tí olóògbé fẹ́ràn nìyẹn. Ó bu fún mi, mo gbà á, mo jẹ ẹ́.

Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi nígbà tó fẹ́ kú. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ní, “Má sọ fún un. Kò lọ́mọ, kò lọ́kọ, kò ka èmi náà sí bàbá. Bí o bá sọ ọ́, ta ló kù fún un?” Mo ṣèlérí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Àdùkẹ́ wá jókòó tì mí nídìí àgbàdo tí mò ń ṣà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí Bàbá tó kú, ǹjẹ́ ó ní kí n forí ji òun?” Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó bẹ̀ ọ́, ó bẹ̀ ọ́ gidi. Ó bú sẹ́kún. Ó sunkún pẹ́, ó wá nu ojú rẹ̀, ó ní, “Ó ti tán. Mo ti forí jì í.”

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ló forí rẹ̀ ji bàbá mi! N kò lè sùn, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́ kó ní ẹ̀gbọ́n, àbí kí n dá bàbá rẹ̀ padà fún un?