Àdúgbò tí Awọnlẹ̀ Gbé Ga Lórí Ìwé

Awọnlẹ̀ ni ọkùnrin náà. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé òjò ńlá ni. Gbọ̀ngàn ilé ìwé orí òkè ni wọ́n pe ìpàdé sí, nítorí pé ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ kò tíì gbẹ. Níbẹ̀ ni ó ti pinnu pé òtítọ́ tí òun tẹ̀ rì gbọ́dọ̀ léfòó lónìí, bí ojú tilẹ̀ máa ti òun dé etí.

Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ tí ó ṣe gọ́tà àdúgbò ìsàlẹ̀ ti ní kí Dúró-Ṣánṣán bọ́ síwájú. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tí ń di ọ̀pá ìwọ̀n mú fún awọnlẹ̀ nìyẹn, nítorí pé bí ó bá ti gbé ọ̀pá lélẹ̀, eṣinṣin ìbáà bà lé e nímú, kò ní mira. Òun ni wọ́n sọ pé ó ṣí ọ̀pá nípò, tí ìṣirò fi wọ́, tí gọ́tà tuntun fi ń da omi padà sínú ilé dípò kí ó gbé e lọ sí odò. Àdúgbò yẹn kan náà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ aránṣọ ń gbé. Aládùúgbò kan ti ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ kí àwọn tó bá a kó o. Òmíràn ní ọlọ́pàá ibòmíràn a máa lé olè jáde, ọlọ́pàá tiwọn ni ó mú omi wọlé. Bí ìpàdé bá dá a lẹ́bi, iṣẹ́ bọ́, ilé sì bọ́. Awọnlẹ̀ ń gbọ́, ó ń wo ilẹ̀. Ta ni ó kúkú fi ọ̀rọ̀ náà sí wọn lẹ́nu, bí kì í bá ṣe òun?

Nígbà tí ó dìde, ohun tí ó rí ni ó kọ́kọ́ sọ. Ní òwúrọ̀ tí òjò dá, ó wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi láti ilé dé ilé. Ẹ̀rù bà á, kì í ṣe nítorí jíjìn omi náà, bí kò ṣe nítorí títẹ́jú rẹ̀. Ìlà ẹrẹ̀ tí ó fà sára ògiri aránṣọ ni ó fà sára ògiri onígbàjámọ̀. Kò ga níbì kan, kò rẹlẹ̀ níbì kan. Ohun tí òun ti ń fi awò ìwọnlẹ̀ àti ìṣirò wá láti ìgbà èwe, omi ṣe é láìmú gègé lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ ti kun àmì kan sára ògiri pé omi kò ní kọjá ibẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sí àárín àmì náà àti ìlà ẹrẹ̀ tí ó wà lókè rẹ̀: àtẹ́lẹwọ́ kan wọ ibẹ̀ wẹ́kú. Ó mọ àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó sì tẹríba fún omi bí ẹni tí ó bá àgbà pàdé lójijì.

Ó wá ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣírò gíga ilẹ̀. Ọ̀pá á dúró lórí òkúta àmì létí odò, èyí tí a ti mọ gíga rẹ̀. Awọnlẹ̀ á fi awò rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wò ó, á fi ohun tí ó kà kún gíga òkúta, á sì mọ gíga ojú awò. Ọ̀pá á bọ́ síwájú; á tún wò ó, á yọ ohun tí ó kà kúrò, ìyókù sì ni gíga ibi tí ọ̀pá wà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gun ilẹ̀ bí àkàbà láti odò dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Awò kò gbọdọ̀ mira láàrin ìwò méjèèjì yìí, ti ẹ̀yìn àti ti iwájú.

“Ó mira,” ni ó wí. “Orí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dà ni mo gbé e kà. Mo fara tì í, mò ń ṣàwàdà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rì. Mo tún un tò, ṣùgbọ́n Dúró-Ṣánṣán ti gbé ọ̀pá lọ síwájú, oòrùn sì mú. Ó yẹ kí n pè é padà kí n tún ẹ̀yìn wò. N kò pè é.”

Àṣìṣe nìyẹn ṣì jẹ́. Nígbà tí wọ́n wọn ilẹ̀ padà dé etí odò, ìṣirò ní òkúta àmì ti ga sí i ní àtẹ́lẹwọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ òkúta kì í dàgbà. Dípò kí ó tún iṣẹ́ ṣe, ó pa iye kan dà nínú ohun tí ó kà nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀. Àròpọ̀ bára mu rẹ́gí, wọ́n sì yìn ín. Ó gbé gbogbo àdúgbò ga lórí ìwé, àdúgbò sì wà nísàlẹ̀ níbi tí Ọlọ́run fi í sí.

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Èyí tí ó burú jù, ó ní, ni pé nígbà tí omi dé, òun pe Dúró-Ṣánṣán sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, òun wò ó lójú, òun ní ọ̀pá rẹ̀ ni ó kúrò nípò. Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin ni ẹ wà nídìí awò. Bí ẹ bá ní ó kúrò, a jẹ́ pé ó kúrò.” Láti ọjọ́ náà ni olóòótọ́ ọkùnrin náà ti ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ọwọ́ àjèjì.

“Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí,” ni ó wí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n tò sẹ́yìn ọ̀gá àgbà, “ìwé a máa gba ohun tí ilẹ̀ kò gbà. Ẹ foríjì mí, bí ẹ bá lè ṣe é.”

Dúró-Ṣánṣán ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wò wọ́n. Ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ìyá àgbà kan tí etí rẹ̀ wúwo bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé ta ni wọ́n wá ní ó ṣe é. Ọ̀gá àgbà ń wo bàtà rẹ̀. Awọnlẹ̀ gba àárín ìjókòó kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá náà, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́:

“Ìyá, kì í ṣe Dúró-Ṣánṣán. Èmi awọnlẹ̀ ni.”