Irun Eérú Lẹ́yìn Etí Atole

Dókítà bá Leobardo ọmọ mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn fèrèsé lánàá, wọ́n rò pé n kò gbọ́. Ajá kan ló dití nínú ilé yìí, èmi kọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀: ẹ̀dọ̀fóró mi ti parí, òjò tó ń bọ̀ yìí kò ní bá mi láyé. Nígbà tí dókítà lọ, mo ní kí Leobardo fa àga súnmọ́ mi, mo sì sọ ohun tí èmi, Baudelio, ṣe sí Crisanta, ìyá ìsàmì rẹ̀. N kò fẹ́ gbé e wọlẹ̀. Báyìí mo ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń sin Chihuahua, àwọn ajá kékeré wọ̀nyí, ní ìlú Parral wa yìí, nítorí ó kàn yín.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ ajá. Iṣẹ́ bàtà ni mo kọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yẹ awọ màlúù wò kí n tó gé e, bẹ́ẹ̀ ni mo ń yẹ irun ajá wò, mo fẹ́ mọ ibi tí àwọ̀ ti ń wá. Dúdú wà, pupa wà, aláwọ̀ ṣokoléètì wà, aláwọ̀ ògì wà. Èyí tí gbogbo èèyàn wá ń wá kiri nígbà náà ni eléérú: irun dúdú tí eérú bà lé, tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ìkùukùu tí afẹ́fẹ́ tú ká. Bí akọ eléérú bá gun abo tí kò ní eérú, kò séwu, àwọn ọmọ kan á jọ bàbá, àwọn kan á jọ ìyá. Ṣùgbọ́n bí eléérú bá gun eléérú, ọmọ tó bá gba eérú lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, funfun ló ń yọ, kì í gbọ́ràn, kì í ríran. Eérú ti jẹ àwọ̀ rẹ̀ tán, ó sì jẹ ojú àti etí mọ́ ọn. Gbogbo wa la mọ èyí. Ohun tí èmi nìkan wá rí, lẹ́yìn sùúrù ọ̀pọ̀ ọdún, ni pé irun dúdú nìkan ni eérú ń bà. Bí ajá bá jẹ́ aláwọ̀ ògì látòkè délẹ̀, eérú lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ojú má sì rí i. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo mọ̀ ọ́n, bí ẹni tó tú aago palẹ̀ tó sì tún un tò. Ẹ wá wo ohun tí mo fi ìmọ̀ náà ṣe.

Crisanta ló gbé Leobardo dání nígbà tí àlùfáà da omi sí i lórí. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹni ti di ẹbí títí ikú, a kì í sì í tan irú ẹni bẹ́ẹ̀. Opó ni. Golondrina ajá rẹ̀ jẹ́ eléérú tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn oníbàárà láti ìlú Torreón á dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n á bi mí níbi tí ilé Crisanta wà. Èmi ni mo ń júwe ọ̀nà fún wọn! Mo ń rẹ́rìn-ín, inú mi ń ta bí ata.

Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo Atole, akọ mi aláwọ̀ ògì, fún Golondrina. Eléérú ni ìyá tó bí Atole. Ìwọ̀nba irun eérú kan wà lẹ́yìn etí òsì rẹ̀, tín-ín-rín, òun nìkan ló lè tú àṣírí. Mo kúnlẹ̀, mo fi ẹ̀mú tí mo fi ń fa ìṣó bàtà fa irun náà tu. Ajá náà ń lá mi lọ́wọ́.

Crisanta dé, ó gbé burrito tí wọ́n di ẹ̀wà sínú rẹ̀ dání.

"Bàbá Leobardo, ẹ jẹun jàre. Ẹ ti ń rù bí ajá yín."

"Ajá mi ò rù o, ìyá ìsàmì. Tiyín ló sanra bí àlùfáà."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ má tàn mí o. Ṣé kò sí eérú kankan nínú ìdílé ẹ̀?"

"Rárá. Ẹ yẹ gbogbo ara ẹ̀ wò."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tilẹ̀ ṣí etí rẹ̀. "Ó mọ́ tónítóní," ló wí.

Nígbà tí Golondrina bímọ, Crisanta sáré wá láìwọ bàtà. "Ẹ wá o! Ẹ wá wo nǹkan tí mo rí!" Ọmọ mẹ́rin, méjì funfun bí iyọ̀. Ọ̀kan kú. Ojú èkejì kò là dáadáa títí dòní.

"Ọ̀dọ̀ ta lèyí ti wá, Bàbá Leobardo?"

"Ọ̀dọ̀ Golondrina ni. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló bàjẹ́, tòun ti gbogbo ọmọ tó ti bí."

Ó wò mí. "Ẹ fi orí ọmọ tí mo gbé lọ́wọ́ fún yín búra."

Mo pe Leobardo. Ó ti ga jù mí lọ nígbà náà, ó ní láti tẹrí ba kí ọwọ́ mi tó lè tó orí rẹ̀. Ó rò pé mo fẹ́ súre fún òun ni, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo búra.

Crisanta gbà mí gbọ́. Ó gbé Golondrina àti gbogbo abo tí ajá náà ti bí lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, wọ́n yọ ilé ọmọ wọn. Bí ìdílé ajá tó dára jù ní Parral ṣe parí nìyẹn. Lọ́jà, wọ́n ń pè é ní Crisanta Elájá-afọ́jú. Àwọn ará Torreón wá ń yà sílé mi. Crisanta tọ́jú ọmọ funfun náà, ó pè é ní Nube. Ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ajá náà lè mọ̀ pé oúnjẹ dé, ó ń mí sí i lára kó tó fọwọ́ kàn án kó má baà jáyà.

Ẹ má rò pé ìbúra yẹn ló burú jù. Nígbà tí Crisanta fẹ́ kú, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀yin lẹ mọ ajá jù nílùú yìí, ẹ bá mi tọ́jú Nube. Ẹ sì forí jì mí. Mo fura sí yín nígbà yẹn, mo jẹ́ kẹ́ ẹ forí ọmọ yín búra. Ojú ti ń tì mí látìgbà náà."

Mo dá a lóhùn pé, "Mo forí jì yín, ìyá ìsàmì."

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kú.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀ yìí, Leobardo ń fọwọ́ pa orí ara rẹ̀, níbi tí mo gbé ọwọ́ lé. "Orí mi yìí, Bàbá?"

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, forí jì mí."

"Ta lẹ ní kó forí jì yín? Ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ ti lọ. Ẹ̀yin lẹ sì ti forí jì í." Ó jáde. Kò tíì padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sin ajá, kí ẹ tó gba akọ aláwọ̀ ògì fún abo yín, ẹ béèrè ìyá tó bí i, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí ìyá náà. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni, bó bá jẹ́ ẹbí yín pàápàá.

Láàárọ̀ yìí, mo fi ọ̀pá mi lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nube dìde, ó fara gbá ògiri dé ọ̀dọ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó gbóòórùn ọwọ́ mi, kò bá oúnjẹ níbẹ̀, ó sì padà lọ dùbúlẹ̀ sórí ìborùn Crisanta.