Ọkọ̀ Tí Kò Lè Gun Òkè Jẹ́ríkò

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ dìde kí ẹ bá mi kígbe Halelúyà, nítorí ọpẹ́ tí mo gbé wá yìí kò ṣeé dá gbé! Ẹ ṣé. Ẹ jókòó, màá sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ.

Gbogbo yín mọ Tọ́pẹ́, ọmọ mi tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ẹ sì mọ̀ pé àìsàn èémí ń ṣe é. Bí ó bá ti dé sí i, àfi kí a sáré gbé e láti Ẹlẹ́yẹlé lọ sí ilé ìwòsàn ní Ring Road. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wa ṣeré. Bàbá Tọ́pẹ́ ní mo máa ń gbọ́ ìró ọkọ̀ náà lójú orun. Òótọ́ ni.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ń jo ọ́ìlì, mo gbé e fún Mùfú, mẹkáníìkì wa ní Challenge. Ó tú u, ó tò ó padà, ó wà á lọ wà á bọ̀ lórí Ring Road, ó ní ó dára. Lórí títì tó tẹ́jú, ó dára lóòótọ́! Ṣùgbọ́n tí a bá dé òkè Jẹ́ríkò, tí a gbọ́dọ̀ gùn kí a tó dé ilé ìwòsàn, agbára rẹ̀ á tán. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn á máa kí wa bí wọ́n ṣe ń kọjá wa lọ.

Mo padà sọ́dọ̀ Mùfú. Ó fọ kábúrétọ̀. Mo tún padà. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì.

Ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ọkọ̀ yín ò ṣàìsàn o. Ẹ̀yin lẹ ń ṣojo. Ẹ máa tẹná!"

"Mùfú, bí ọmọ mi bá wà lẹ́yìn tí kò rí èémí mí, ṣé iná ni màá tẹ̀ fún un kó máa mí?"

Mo sọ fún un pé àwọn ará ilé wa ti ń sọ pé ọwọ́ ayé ni. Èmi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú Ọlọ́run. Níbí yìí náà ni ẹ ti bá mi gbàdúrà, tí wòlíì wọ́n omi ìyàsímímọ́ sára ọkọ̀. Àdúrà tèmi kò gùn: "Olúwa, là mí lójú sí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí kí àìsàn ọmọ mi tó tún dé."

Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Ẹ mọ̀ pé a kì í wọ bàtà tí a bá wọ sùtánà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé àdúrà yẹn, òjò ti ṣú, n ò dúró bọ́ sùtánà bí mo ti máa ń ṣe, mo wakọ̀ lọ lẹ́sẹ̀ lásán. Mo dúró ní oríta, mo tẹ búréèkì, àfi bí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ṣe ń gbọ̀n! Ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bàtà mi tó nípọn àti ìrọ̀rí tí mo fi ń jókòó ni kò jẹ́ kí n mọ̀. Mo gbéra, mo sáré díẹ̀, ó dákẹ́. Mo dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ojú ni mo ní kí Olúwa là, àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó là!

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ ọ́ fún Mùfú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: tó bá dúró, ó ń gbọ̀n, tó bá ń sáré, ó dákẹ́, tó bá ń gun òkè, kò lágbára. Ó fi àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ó ṣí ẹ́ńjìnnì. Irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kámúṣáàfù. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún epo àti afẹ́fẹ́ láti wọlé, òun náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún èéfín láti jáde. Ṣéènì ló ń yí i, ó sì gbọ́dọ̀ bá ìyókù ẹ́ńjìnnì rìn lásìkò kan náà. Nígbà tí Mùfú ń tò ó, eyín kan péré níbi tí ṣéènì ti kọ́ ọ ló fi yẹ̀ sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn wá ń pẹ́ kó tó ṣí. Nínú eré, ẹ́ńjìnnì ń fara dà á. Lórí òkè, níbi tí ọkọ̀ ti ń rọra rìn, èémí rẹ̀ kò tó o. Ẹ gbọ́ o: ọkọ̀ náà kò rí èémí mí, bí ọmọ mi!

Mùfú bú sẹ́rìn-ín. "Alihamudulilai! Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín pé kì í ṣe ọwọ́ ayé, ọwọ́ Mùfú ni!"

Ó dá irin náà padà sójú àmì tí wọ́n ṣe sí i.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni àìsàn náà dé sí Tọ́pẹ́, lọ́sàn-án gangan. Mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, mo ṣíná, ọkọ̀ ò gbọ̀n. A gun òkè Jẹ́ríkò bí ẹyẹ, kò sẹ́ni tó ráyè kí wa! Nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ mi ní, "Ìyá, ẹ ṣé tí ẹ tètè gbé e dé."

Ẹ wò ó níwájú níbẹ̀ yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Tọ́pẹ́ mi, èémí tí Olúwa dá padà fún ọ, fi gbé orin fún wa. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi jó, ògo ni fún Jésù!