Kásẹ́ẹ̀tì Tí Sójà Gbọ́ ní Sẹkọna

Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe ojo. Ọkọ mi tún fẹ́ gba Sẹkọna lọ sí Ifẹ̀ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, nítorí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti pa tì!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tí à ń kọ fún un, ń gbé inú kásẹ́ẹ̀tì, òun ni mo fi kọ́ ara mi níṣẹ́ ní pálọ̀ mi l'Ẹ́dẹ, èmi tí n kò ju ìwé mẹ́fà lọ. Mo kọ́ ọ títí ó fi ń kọ Yorùbá tòun tàmì. Àwọn tuntun tí olówó ń kó wọlé kò mọ̀ ọ́n! Ìdí nìyí tí ọkọ mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ n'Ífẹ̀ fi ní àwọn yóò jí i dìde. Wọ́n ń ṣa èyí tí ọ́fíìsì dà nù, wọ́n ń yọ ẹ̀yà ara òkú fi wo alààyè. Bí òkú bá wá tán nílẹ̀ ńkọ́? Kásẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi ni wọ́n ń dúró dè.

Ẹ mọ bí ìlú ṣe le lábẹ́ àwọn sójà yìí. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun ti di góòlù, la bá ká iṣẹ́ náà lé orí kásẹ́ẹ̀tì wàásù Ramadan, àwòrán áfà ṣì wà lára rẹ̀. Ní Sẹkọna, níbi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró yẹ̀ wò, sójà tó ń gbààwẹ̀ rí i lọ́wọ́ ọkọ mi, inú rẹ̀ dùn. "Áfà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ díẹ̀." Dẹ́rẹ́bà tì í bọnú rédíò ọkọ̀. Kí ló jáde? Ariwo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò! Èrò kan ní, "Wàásù àwọn àǹjọ̀nú nìyí o!" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Sójà ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀gbàjọba ló gba ìgboro nígbà náà. "Ta lò ń ránṣẹ́ sí?" Wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n wọ́ ọkọ mi lọ. Nígbà tí wọ́n dá a padà fún wa, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn mọ́. Ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ sùn?

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Tọkọ mi kọ́! Mo bẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Ìyá Ràfíù, etí kan ṣáà kù."

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ká iṣẹ́ náà sórí kásẹ́ẹ̀tì, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Bí n kò bá ṣe é, iṣẹ́ ọwọ́ mi kú nìyẹn. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Jímọ̀ tó dé: ṣé kí n ká a fún un, àbí kí n jẹ́ kó wà láàyè, kó máa bínú sí mi?