Àwọn Tó Sá fún Ogbó Dé Òkè Òkun

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orin dúró díẹ̀. Ohun tí mo rí lọ́sàn-án Ọjọ́rú yìí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun mi mọ́. Bí mo bá sì pa á mọ́ra, ọrùn mi ni ẹ̀bi rẹ̀ máa wà.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé a ń gbààwẹ̀ fún Dúpẹ́, àbúrò mi, òun ló jókòó síwájú yẹn. Ó sọ fún ìjọ pé orúnkún ń dun òun, pé òun fẹ́ lọ gba ìtọ́jú ní òkè òkun níbi tí owó òun tó. A ta òróró sí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lórí pẹpẹ, a gbàdúrà títí ohùn wa fi há. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lórí ẹní. Oorun kò tíì gbé mi lọ tán tí mo fi gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Ìyá Àdúrà, dìde. Wá wo àwọn èèyàn rẹ."

Bàbá arúgbó kan ni. Orí rẹ̀ pá, ojú rẹ̀ hunjọ láti iwájú dé ọrùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yá débi pé èmi ni mò ń sáré tẹ̀lé e.

Ibi tá a kọ́kọ́ dé, òórùn oògùn ọsibítù ló kí wa, ó dà pọ̀ mọ́ òórùn ẹran tó ti rà. Mo fi ìborí mi di imú. Ọkùnrin àti obìnrin ló kún ibẹ̀. Wọ́n ti fa awọ ojú wọn sẹ́yìn débi pé ìpéǹpéjú wọn kò lè pàdé mọ́. Wọn kò lè sùn, ètè wọn wú, eyín wọn sì yọ síta bí ẹni ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ igbe ni wọ́n ń ké. Lẹ́yìn etí wọn níbi tí wọ́n ti rán an, ọyún ń kán, ìdin ń yọ jáde, wọ́n ń fìka tì í padà, ó tún ń yọ. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ará, mo bì síbẹ̀.

Àwọn òjíṣẹ́ kéékèèké, tí wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ lójú, ń rìn láàárín wọn. Àwọn ọmọdé yìí ló ń rán àwọn àgbà náà níṣẹ́: "Ìwọ, lọ pọnmi wá! Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nìyẹn?" Màmá tó ti ní ọmọ-ọmọ nílé ayé á kúnlẹ̀ gbì, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà." Mo bi bàbá náà pé kí ni wọ́n ṣe.

Ó ní, "Níbi ìsọmọlórúkọ wọn, gbogbo ilé ṣàdúrà pé wọ́n á gbó, wọ́n á tọ́. Ọlọ́run gbọ́ ọ. Nígbà tí ogbó náà dé ọwọ́ wọn, wọ́n sá fún un, wọ́n sì fi irọ́ bo ibi tí wọ́n sá lọ."

Alàgbà kan wà láàárín wọn tó lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀dọ́ nítorí àwọn ọmọbìnrin tí wọn kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ, nígbà tí ẹ̀yìn ń dun ìyàwó rẹ̀ nílé tí kò rí ẹni fi aboniki pa á. Ó ń họra, awọ ń bó sí i lọ́wọ́, òmíràn ń hù, ó tún ń họ ọ́. Àgbàyà! Mo tutọ́ sílẹ̀.

A tún sọ̀ kalẹ̀. Ọsibítù ìjọba la bá níbẹ̀, òrùlé ń jò, iná kò sí, eku ń sáré lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá kan dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tòun ti agbádá. Òun ni ọsibítù náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ nílé ayé, bẹ́ẹ̀ bí orí bá fọ́ ọ lásán, ó ti wọ bàálù lọ sí ìlú òyìnbó. Ó ń kígbe, "Ẹ pe dókítà!" Ohùn kan ní, "Dókítà ti rìnrìn àjò." "Oògùn ńkọ́?" "Lọ rà á wá." Ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó kú sórí ìkúnlẹ̀ sì ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó bo ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, ó bo àyà rẹ̀, ó dé ẹnu rẹ̀, ọ̀gá náà ń gbé e mì, ó ń bì í, ó tún ń gbé e mì, mo ní Bàbá ẹ mú mi kúrò níbí, ẹ mú mi kúrò níbí!

Nígbà tá a jáde níbẹ̀, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn lọ wá ìwòsàn níbòmíràn ni?"

Ojú rẹ̀ le. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wá."

Ó mú mi dé ibi tó tutù. Káfíńtà kan jókòó lábẹ́ igi, àpá iṣẹ́ abẹ wà ní ìhà rẹ̀, ó ń tàn yòò. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Kídìnrín ló gbé mi dé Íńdíà, torí ibẹ̀ ni owó wa tó. Mo padà, mo tọ́ àwọn ọmọ mi." Arúgbó ló yí i ká, ewú lórí, ìhunjọ lójú, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni mo ti rí Màmá wa, tá a ti sin tipẹ́. Ó ń yẹ ojú gbogbo ẹni tó ń bọ̀ wò. Mo ní, "Màmá, ta lẹ̀ ń wá?"

Ó ní, "Àbúrò rẹ ni. Nínú gbogbo ẹ̀yin ọmọ mi, òun nìkan ló gbé ojú mi. Ojú yẹn ni màá fi mọ̀ ọ́n."

Mo bi bàbá náà pé bí Màmá kò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́. Ó ní, "A kì í béèrè orúkọ níbí. Ẹni tó bá ti ṣíwájú rẹ dé ló máa tọ́ka sí ọ pé tòun ni ọ́. Ẹni tí kò bá rí ẹni tọ́ka sí i, o ti rí ibi tó ń lọ." Mo figbe ta, mo sì jí.

Ilé Dúpẹ́ ni mo gbà lọ tààrà. Mo bá a tó dúró lórí àga, ó nà gbọọrọ, ó ń so kọ́tìnì. Orúnkún tó ń dùn ún nìyẹn o! Mo ní, "Dúpẹ́, kí lo fẹ́ lọ ṣe lóhùn-ún?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pariwo. Ojú ni wọ́n fẹ́ bá mi fà. Ẹ ò rí bí mo ṣe ń jọ Màmá sí i lójoojúmọ́ ni?"

Ẹ̀yin ará, inú bí mi, ó sì kó mi nírìíra. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, kó lọ, ká jọ gbàdúrà, kó lọ rere kó bọ̀ rere. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ebi pa ara yín nítorí irọ́, ẹ má sì ta òróró Ọlọ́run sórí ẹ̀tàn.

Dúpẹ́, ọ̀la ni bàálù rẹ á gbéra. Màmá ṣì wà ní ìdúró. Dìde, kí o sọ ibi tó ń dùn ọ́ fún ìjọ.