Ìwé Mi Ló Parọ́ Mọ́ Wilf

Ẹ̀yin olólùfẹ́ eré tẹlifíṣọ̀n wa, ẹ ní kí n kọ ìrántí aládùn ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yín. Mo ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò dùn. Dókítà ti sọ fún mi pé mi ò ní rí Kérésì, mi ò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè nítorí Desmond Thirlby, ẹni tí ẹ ń pè ní ọ̀gá àwọn olùdarí. Ọ̀gá kọ́! Ẹ gbọ́ ná.

Ẹ mọ eré náà jù mí lọ: ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí iwin ìyá ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ń bá a wá ọ̀daràn kiri Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ń bú u bó ṣe ń ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé nígbàkígbà tí òkú yẹn bá fò, kì í ṣe òṣèrébìnrin tó ń ṣe ìyá náà ló ń fò. Wilf Garside ni, ọkùnrin onírunmú tó ń wọ kábà funfun àti wíìgì, tó máa ń pariwo nídìí tíì pé, "Ẹ dìde fún ìyá yín, ẹ̀yin ọmọ burúkú!" Èmi Beryl Tansley ni mo ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, tí mo ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀: ọwọ́ wo ni òṣèré fi mú ife, bọ́tìnnì mélòó ló ṣí. Bí àríyànjiyàn bá dé, ìwé mi ni wọ́n máa ń ṣí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì máa ń parí sí.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 1968, Wilf fò láti orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó balẹ̀ dáadáa sórí àwọn páálí òfìfo tí wọ́n tò sísàlẹ̀, àfi pé ọkọ̀ òfurufú kan gba inú àwòrán kọjá. Desmond ní kó tún un fò. Àwọn páálí yẹn ti rún, wọ́n gbọ́dọ̀ to òmíràn. Stan tó ń tò wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ fún wa ní ogún ìṣẹ́jú." Desmond wo oòrùn tó ń wọ̀, ó ní, "Ogún ìṣẹ́jú? Ṣé ìwọ lo máa bá mi di oòrùn mú ni?" Ló bá lọgun, "Ó yá!" Wilf ti padà sórí òrùlé, wíìgì bò ó lójú, kò rí ilẹ̀, ohùn olùdarí ló ń tẹ̀ lé. Ó fò. Ibi tí kò sí páálí ló já sí.

Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ò tíì kúrò lọ́gbà tí Desmond fi wá bá mi. "Beryl, kọ ọ́ pé ó fò kí n tó pè é."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ pè é. Gbogbo wa la gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló gbọ́? Stan bímọ mẹ́rin, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ò fẹ́ bá wa ṣe apá kejì ni?"

Irú ọ̀yájú wo nìyẹn! Síbẹ̀, mo ya ojú ewé náà, mo kọ òmíràn. Ẹ má bá mi wá àwáwí. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ka ìwé mi, wọ́n ní ìwàǹwára Wilf ló pa á lára. Ìbàdí rẹ̀ ti fọ́, kò rìn láìsí ọ̀pá mọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Wilf Oníwàǹwára. Nora ìyàwó rẹ̀ wá sílé mi. Ó ní, "Beryl, ìwọ lo sún mọ́ Desmond jù. Jọ̀ọ́, kí lo gbọ́?" Mo da tíì fún un, mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní, "Nora, ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ." Ìkà ni mí. Ìyẹn burú ju ìwé náà lọ.

Wilf ti kú. Oṣù tó kọjá ni mo lọ bá Nora ní ìlú Margate, mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní, "Títí tó fi kú ló ń bi mí pé, 'Nora, àbí etí mi ló tàn mí ni? Mo gbọ́ ọ, àmọ́ ìwé Beryl kì í parọ́.' Ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí Desmond. Ṣé o gbọ́? Wilf ló bẹ Desmond!" Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Èmi kọ́ lo parọ́ mọ́. Lọ sọ fún àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún Desmond."

Mo ti sọ fún yín. Ẹ já àwòrán Desmond kúrò lára ògiri yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí kálámù wà lọ́wọ́ yín, bí ọ̀gá bá ní kí ẹ fi kọ irọ́, ẹ jù ú lù ú lójú. Èmi ò ju tèmi.

Wilf, dárí jì mí. Etí rẹ ò tàn ọ́. Ó pè ọ́, mo sì gbọ́.