Ọwọ́ Ìyá Ọkọ Nínú Fọ́tò

Mo ń retí kí wọ́n pè mí nílé ìtọ́jú eyín kan ní Ìba, ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan bá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò wú lápá kan bí ẹni tó há obì sẹ́nu.

"Dókítà ní kò jọ jẹjẹrẹ," ẹ̀gbọ́n ń sọ. "Ó ní egungun lásán ló ń hù lórí egungun."

"Ta ló gbìn ín síbẹ̀? Àǹtí mi, mo ti sọ fún yín. Ìyá ọkọ mi tó ti kú ni wọ́n gbá mi létí lójú àlá. Bí mo ṣe jí ni mo fọwọ́ kan kókó yìí."

"Ìdí tí dókítà fi ní ká mú fọ́tò àtijọ́ wá nìyẹn, kí wọ́n lè mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀." Ẹ̀gbọ́n fa fọ́tò ìsọmọlórúkọ kan yọ nínú báàgì. "Wò ó, ó ti ń yọ nígbà yẹn. Ìyá ọkọ rẹ ṣì wà láyé, àwọn nìyí tí wọ́n dúró tì ọ́. Àlá wo ló wá fà á?"

Àbúrò wo fọ́tò náà pẹ́.

"Ẹ wo ọwọ́ wọn."

"Wọ́n ń fọwọ́ pa ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ ni. Wọ́n ń ṣìkẹ́ ìyàwó ọmọ wọn."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì ni mo ní, Àǹtí mi. Èmi tí mo ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò tíì mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ọwọ́ wọn ti mọ ibẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n da ojú fọ́tò náà dé sórí itan.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè mí wọlé, ó ní ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí mo fọwọ́ dì mú láìfura yẹn ni eyín ti ń dùn mí. Rárá o. Apá kejì ni.